Páìpù Tí Kò Gbọdọ̀ Ga Ju Òrùlé Baba Wa

Mò ń gé aṣọ ilé-ìwé lọ́wọ́ nígbà tí wolé-wolé kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀wù mẹ́fà ti gba ọrùn, mo wà lórí ìkeje, ṣọ́ọ̀kì wà lẹ́nu mi, téèpù wà lọ́rùn mi. N kò fẹ́ràn kí ènìyàn dá mi dúró níbi ọrùn ẹ̀wù, nítorí ọrùn tí a bá gé dé ìdajì tí a fi sílẹ̀ lọ kì í gún régé mọ́. Ṣùgbọ́n a kì í sọ fún ìjọba pé kó dúró de ọrùn ẹ̀wù. Mo yọ ṣọ́ọ̀kì lẹ́nu, mo lọ ṣí ilẹ̀kùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, nínú kakí tí wọ́n lọ̀ débi pé ìlà ṣòkòtò rẹ̀ lè gé iṣu. Ó kí mi dáadáa. Kò bèèrè ibi tí balùwẹ̀ wà. Imú rẹ̀ ló ṣíwájú, òun tẹ̀ lé imú, èmi tẹ̀ lé òun, a gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá títí a fi dé ibi tí òórùn náà ti ń wá.

"Ta ló ń wẹ̀ níbí, mà?"

"Ìyá mi ni."

"Nínú omi yìí?"

Omi náà ló dá a lóhùn. Ó mu ènìyàn dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìfófòó ọṣẹ àárọ̀ ṣì ń léfòó lójú rẹ̀, ó sì ń ṣe gbúlúgbúlú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún dákẹ́.

Kí n ṣàlàyé ilé náà. Ilé ẹbí wa ní Ìjẹ̀bú-Òde wà ní apá ibi tí a ń gbà lọ sí Ìmùṣin. Baba tó bí baba baba mi ló kọ́ ọ, kí ogun òyìnbó tó dé Ìjẹ̀bú, nígbà tí àwọn ará wa ṣì ń ṣọ́ bodè, tí wọ́n ń pinnu àlejò tí yóò wọlé àti èyí tí yóò padà síbi tó ti wá. Amọ̀ ló fi kọ́ ọ. Àwọn ọmọ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, àwọn ọmọ-ọmọ fi páànù bò ó. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ni ojú ọ̀nà omi tí baba náà là láti ibi ìwẹ̀, tó gba abẹ́ ògiri jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní àpáàdì ló tò sí i. Wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ìjẹ̀bú. Nínú gbogbo àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó rí i rí.

Ìyé, bí a ṣe ń pe ìyá nílùú wa, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Èmi ni mo padà sílé ẹbí láti máa tọ́jú rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì kò gbà kó máa jáde lọ wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé mọ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Èkó fi rán òṣìṣẹ́ kan wá ní ọdún tó ṣáájú, pé kó sọ ibi ìwẹ̀ àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá Ìyé di balùwẹ̀ òde òní. Òṣìṣẹ́ náà fi ṣáwà sí òkè, ó lẹ táìsì funfun mọ́ ògiri, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ. Ibi tí omi yóò gbà jáde nìkan ni kò ronú lé. Ó ki páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ọ̀nà omi baba ńlá wa lábẹ́ ilẹ̀, ó da sìmẹ́ńtì lé e, ó sì fi èyí tó kù lé àwọn òkú lọ́wọ́.

Wolé-wolé kọ ìwé ní ìdúró, ó sì kà á fún mi bí ẹni ń ka orúkọ ní kíláàsì.

"Ohun mẹ́ta ni, mà. Èkíní, ẹ hú páìpù yìí, kí ẹ ri tuntun tó tóbi jù ú lọ, tí yóò máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé kòtò ṣọ́kàwéè ilé yín. Omi ìwẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣàn sí ìta mọ́. Èkejì, ẹ jẹ́ kí páìpù náà tẹ̀ kọrọdọ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, kí omi díẹ̀ lè máa dúró níbẹ̀ láti dí òórùn lọ́nà. Ẹ̀kẹta, ẹ gbé páìpù afẹ́fẹ́ kan nàró tí yóò gba òkè òrùlé kọjá."

"Kí ó fi mélòó kọjá òrùlé?" mo bèèrè.

Ó wò mí. Bóyá kò sí ẹni tó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ènìyàn sábà máa ń bi í bóyá ó ti jẹun. "Ẹsẹ̀ bàtà kan, ó kéré tán."

Ó fún mi ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí mo bá kùnà, yóò ti balùwẹ̀ náà pa, yóò sì fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ìdí láti kó Ìyé kúrò ní Ìjẹ̀bú. "Bí wọ́n bá tì í," ó ní, "màá rán mọ́tò wá gbé wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Yàrá wà nílé mi." Àjà kẹta ni ilé rẹ̀ wà, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta. Mo ti kà á.

Ìyé gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Orúnkún rẹ̀ nìkan ló dàgbà, etí rẹ̀ kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

"Àjà kẹta? Bí mo bá fi ẹsẹ̀ yìí gòkè lọ síbẹ̀, pósí ni yóò gbé mi sọ̀kalẹ̀. Sọ fún un."

N kò sọ fún un. Mo padà sídìí ọrùn ẹ̀wù keje. Ó ti wọ́.

Nílé ẹbí, ènìyàn lè kú láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n kò lè gbẹ́ ilẹ̀ láìgba àṣẹ. Olórí ẹbí wa nígbà náà ni àbúrò baba mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Ó ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń kọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tó ń gbé há abíyá. Ó pe àwọn àgbà márùn-ún jọ ní ọjọ́ Àìkú.

Àdúrà méjì ni a máa ń fi ṣí ìpàdé ẹbí wa, nítorí àwọn ẹlẹ́sìn méjèèjì ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì gba tirẹ̀ kẹ́yìn máa ń rí i dájú pé tirẹ̀ ló gùn jù. Lẹ́yìn àdúrà, wọ́n kí ara wọn. Lẹ́yìn ìkíni, wọ́n bèèrè ara àwọn tí kò wá. Lẹ́yìn èyí, wọ́n jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó jókòó sórí àga onírọ̀rí. Oòrùn ti kúrò lẹ́nu kànga kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀ balùwẹ̀.

"Ta ló fẹ́ hú ohun tí baba wa tò?" ni Bàbá bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹta.

"Wolé-wolé ni, Bàbá. Bí a kò bá hú u, wọn yóò ti ibẹ̀ pa, Ìyé yóò sì di èrò Èkó."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ńlá ni. Wọ́n ní òkú kì í sùn kí a máa hú u lẹ́sẹ̀. Mo rò pé ó parí. Ìgbà náà ni àgbà kan tó ti Ìjagun wá, tí a ń pè ní Bàbá Ìjagun, wúkọ́.

"Mo gbọ́ pé ohun kan wà lábẹ́ ibẹ̀."

"Ohun wo?"

"Ohun ni mo wí. Baba wa kì í ṣe òtòṣì. Ẹni tó fara balẹ̀ to àpáàdì bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀, kí ló ń bò mọ́lẹ̀?"

Gbogbo àga súnmọ́ iwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìṣẹ́jú náà lọ, n kò rí ẹnì kan tó tún ta ko gbígbẹ́ ilẹ̀. Ohun tí wọ́n kàn ń fẹ́ ni pé kí ó ṣojú àwọn.

"Ó ku páìpù kan," mo ní. "Èyí tí yóò nàró gba òkè òrùlé kọjá."

"Kí ni yóò máa gbé lọ sókè?" Bàbá bèèrè.

"Afẹ́fẹ́ ni."

"Afẹ́fẹ́? Ṣé afẹ́fẹ́ ò dá ọ̀nà òkè mọ̀ ni, tí a óò fi máa mú un lọ́wọ́ lọ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá dúró kí ẹ̀rín náà parí, bí akọ̀wé kóòtù gidi, kó tó ṣí ìwé rẹ̀. "Òfin kan wà nínú ilé yìí. Ohunkóhun kò gbọdọ̀ ga ju ṣóńṣó òrùlé ilé iwájú tí baba wa kọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kankan nínú wa kò fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sínú ọgbà yìí. Ọmọ kì í dúró lé baba rẹ̀ lórí."

Òótọ́ ni pé òfin náà wà. Òótọ́ sì ni pé kò sí ẹni tó lówó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo gbójú sókè díẹ̀. Lórí òrùlé kan náà, ọ̀pá tẹlifíṣọ̀n Bàbá wà lórí igi ọparun gígùn, ó ga ju òrùlé lọ ní ìwọ̀n ènìyàn méjì. Bàbá Ìjagun ló tẹ̀ lé ojú mi.

"Ìyẹn tó wà lókè yẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn ń gba ìròyìn wọlé ni," Bàbá dáhùn láìwò ó. "Èyí fẹ́ gbé òórùn omi ìwẹ̀ jókòó lé baba wa lórí. Ṣé ọ̀kan náà ni?"

Wọ́n gbà pé kì í ṣe ọ̀kan náà. Bàbá kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé, Ìyé ti jókòó dìde. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí a gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ní kí páìpù má ga."

"Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Mẹ́sàn-án."

"Àwọn ọkùnrin yìí," ó ní. "Ṣé wọ́n tilẹ̀ ń wẹ̀?"

Pulọ́ńbà tí mo pè jẹ́ ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí. A tètè gbọ́ ara wa yé. Nígbà tó gbé dígà rẹ̀ dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó bá Bàbá àti àwọn àgbà márààrún lórí àga níwájú balùwẹ̀, bí ẹni wá wo eré. Bàbá Ìjagun ti ká àpò ìdọ̀họ kan sábẹ́ agbádá rẹ̀. Etí àpò náà ń yọjú.

"Rọra!" ló ń pariwo ní gbogbo ìgbà tí dígà bá kan ilẹ̀. "Rọra! O ò mọ ohun tí o máa fọ́!"

Páìpù tí òṣìṣẹ́ Èkó rì la kọ́kọ́ kàn. Pulọ́ńbà na okùn, ó fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì tó ń fi ibi tó tẹ́jú hàn tẹ́ ẹ, èmi sì fi téèpù mi wọn ìdí páìpù náà sí okùn. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú. Ibi tí omi ti ń jáde fi ínṣì méjì ga ju ibi tó ti ń wọlé lọ. Òṣìṣẹ́ náà ti pàṣẹ fún omi pé kó máa gun òkè, omi kò sì gbọ́ tirẹ̀.

Lábẹ́ rẹ̀ la ti rí ọ̀nà omi baba ńlá wa.

Àpáàdì ni lóòótọ́. Etí ni ó fi gbé wọn dúró, ọ̀kan fi ara ti èkejì, wọ́n dojú kọ ara wọn bí eegun ẹ̀yìn ẹja. Mo sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, mo sì wọn ọ̀nà náà ní ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo ọ̀pá kan, ó fi ínṣì kan rẹlẹ̀, kò lé, kò dín, títí dé abẹ́ ògiri. Baba náà kò ní téèpù. Kò ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Omi nìkan ló ní, ó sì ti fi sùúrù wo ibi tí omi fẹ́ lọ. Mo pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ nípa baba náà láti kékeré, nípa ẹrú rẹ̀, ẹṣin rẹ̀ àti ẹ̀tù rẹ̀, n kò gbọ́ ọ rí pé ó mọ iṣẹ́ ọwọ́.

"Kí lo rí?" Bàbá Ìjagun bèèrè lókè orí mi.

"Ó rẹlẹ̀ dáadáa, sà."

"N kò bi ọ́ léèrè ìyẹn."

A rí kàn-ìn-kàn-ìn tó ti di ilẹ̀, ọṣẹ tó ti di òkúta, ìyarun mẹ́ta, ṣíbí kan, àti ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọdé kan tí kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni yóò jà lé lórí. Lábẹ́ ìwọ̀nyí, amọ̀ pupa.

"Gbẹ́ sí i," ni Bàbá Ìjagun wí.

Pulọ́ńbà gbẹ́ sí i. Amọ̀ ni.

"Fẹ̀ ẹ́ sápá ọ̀tún."

Ó fẹ̀ ẹ́. Amọ̀ ni. Ó fi dígà lélẹ̀, ó nu ojú. "Bàbá, bí mo bá tún gbẹ́ sí i, kànga ni yóò dà, ẹ ó sì san owó kànga."

Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jókòó láti àárọ̀ kì í fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹni kan mú àpáàdì kan láti fi ṣèrántí. Èkejì mú méjì. Bàbá Ìjagun tú àpò rẹ̀. Kí n tó bu omi mu tán, ìdajì ọ̀nà omi náà ti lọ. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí wọ́n ti fi ń gbèjà rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n rí i náà ni wọ́n kó o lọ.

Pulọ́ńbà ri páìpù tuntun sójú ibẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n. Mo ní kó fún mi ní ínṣì kan ní ọ̀pá kan, ó sì fún mi. Ó tẹ ìdí rẹ̀ kọrọdọ kí omi lè dúró síbẹ̀, ó sì so ó mọ́ ṣọ́kàwéè. Ó wá ku páìpù afẹ́fẹ́.

Ibẹ̀ ni Bàbá ti dí wa lọ́nà. Pulọ́ńbà gbìyànjú. "Bàbá, ṣé ẹ máa ń mu tíì?"

"Láràárọ̀."

"Ihò mélòó lẹ máa ń lu sí agolo mílíìkì?"

"Méjì."

"Kí ló dé tí kò fi jẹ́ ọ̀kan?"

"Ta ni kò mọ̀ pé kò ní dà bó bá jẹ́ ọ̀kan?"

"Páìpù náà nìyẹn, sà. Bí afẹ́fẹ́ kò bá rí ibi wọlé, omi yóò máa fà á mọ́ra, yóò fa èyí tó dúró sínú kọrọdọ lọ pẹ̀lú, òórùn yóò sì gòkè wá."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe, nítorí n kò gbọ́ àlàyé tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá ronú díẹ̀.

"Agolo mílíìkì kì í ṣe baba wa," ó ní.

Òun ló wá ọgbọ́n tirẹ̀. Ó ní ìpàdé kò sọ pé kí páìpù má sí, ó ní kí ó má ga ni. Nítorí náà, kí ó gòkè dé abẹ́ páànù, kí ó dúró níbẹ̀, kí wọ́n sì yí ẹnu rẹ̀ sí àgbàlá. Pulọ́ńbà wò mí. Mo wo ibi tí Bàbá nàka sí, mo mú téèpù. Láti ẹnu páìpù náà dé fèrèsé yàrá Bàbá fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ínṣì mẹ́jọ.

"Bàbá," mo ní, "fèrèsé yín ni ẹnu rẹ̀ kọjú sí."

"Fèrèsé mi ni. Mo mọ̀ ọ́n ṣí, mo mọ̀ ọ́n tì."

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí n má parọ́, inú mi kò bàjẹ́ tó bó ṣe yẹ.

Ìyé bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ lábẹ́ ṣáwà bí ọmọge. Omi ń lọ, ilẹ̀ ń gbẹ, ó ń kọ orin ẹgbẹ́ wọn látijọ́, ó ń gbàgbé ìlà kejì rẹ̀. Nínú yàrá Bàbá, ọ̀tọ̀ lohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta tí iṣẹ́ parí, ó ní eku kan ti kú sí àjà, ó ní kí wọ́n ká páànù. Eku kò sí. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bá ìyàwó rẹ̀ jà nítorí ẹ̀gẹ́ tó rẹ fún fùfú.

"Fùfú mi?" ni obìnrin náà pariwo láti ilé ìdáná. "Ẹ ti ń jẹ fùfú mi láti ogójì ọdún, ọdún yìí ló wá ń rùn?"

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Àǹtí kan nínú ẹbí wá gbàdúrà, ó sì da òróró sí ẹsẹ̀ fèrèsé. Ìbátan wa kan tó jẹ́ ààfáà náà wá, ó jó tùràrí. Yàrá náà ń rùn bí ohun tó ń rùn tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú òróró àti tùràrí. Bàbá kó ẹní rẹ̀ lọ sí pálọ̀. Kò wo páìpù náà lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá wò ó, yóò ní láti ka ìwé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti bi mí lórí fóònù bóyá páìpù náà ti kọjá òrùlé. Mo sọ òótọ́ fún un. Ó ní kò burú, òun kò ní fi àkókò ṣòfò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá, kí wolé-wolé tó dé, mọ́tò rẹ̀ ti dúró lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ iwájú ilé, dẹ́rẹ́bà sì wá kí mi pé òun wá gbé Màmá.

Ìyé kò di ẹrù. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi ọwọ́ kan di irin orí bẹ́ẹ̀dì náà mú. Iṣan ọwọ́ rẹ̀ ti yọ síta.

Wolé-wolé dé. Ó yẹ ilẹ̀ wò, ó da omi sí i, ó mi orí pé ó dára. Ó gbójú sókè.

"Mà, páìpù yìí kò dé òkè."

Kí n tó dáhùn, Bàbá ti jáde pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó ka ìpinnu ẹbí láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó wà ní ìjókòó àti àwọn tó tọrọ àforíjì pé àwọn kò lè wá. Wolé-wolé fi sùúrù gbọ́ ọ dé òpin.

"Mo gbọ́ yín, Bàbá. Ta ló ń sùn ní yàrá tó ní fèrèsé yìí?"

"Olórí ẹbí ni."

"Ṣé kò sí òórùn kankan níbẹ̀?"

Mo wo ilẹ̀. Ìyàwó Bàbá ti jáde láti ilé ìdáná, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń retí ìdáhùn náà ju ẹnikẹ́ni lọ.

"Eku ni," Bàbá ní.

"Ẹ jẹ́ ká wọ inú yàrá náà, sà. Mà, ẹ bá wa da omi garawa kan sí balùwẹ̀."

Mo da garawa kan. Mo gbọ́ bí páìpù tuntun náà ṣe gbé e mì, lẹ́ẹ̀kan náà, láìjanpata. Mo sì gbọ́ ikọ́ nínú yàrá Bàbá. Òun ló kọ́kọ́ jáde. Wolé-wolé tẹ̀ lé e pẹ̀lú áńkáṣíìfù lójú imú.

"Ṣé fùfú ni?" ìyàwó rẹ̀ bèèrè.

Bàbá yí ẹ̀yìn sí i. Ó jókòó sórí àgbá omi, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ní kí wolé-wolé yá òun ní báírò. Ó kọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó sì kà á jáde: "Lẹ́yìn àyẹ̀wò tó jinlẹ̀, olórí ẹbí rí i pé òrùlé ni òfin baba wa ń sọ. Páìpù kì í ṣe òrùlé. Kò sí ẹni tó lè sá òjò sábẹ́ rẹ̀." Ó pa ìwé náà dé. "Ẹ pe pulọ́ńbà. Kí ó ga ju ọ̀pá tẹlifíṣọ̀n mi lọ."

"Ẹsẹ̀ bàtà kan ti tó, Bàbá," ni wolé-wolé wí.

"Ṣé ìwọ ni olórí ẹbí?"

Wolé-wolé ní òun yóò padà wá kí ọ́fíìsì tó ti. Pulọ́ńbà dé ní ọ̀sán. Wọ́n kò rí páìpù tó ga ju ọ̀pá tẹlifíṣọ̀n lọ ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí náà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ló fi kọjá òrùlé. Mo gun àkàbà, mo wọ̀n ọ́n, kí ẹnikẹ́ni má baà wí nǹkan kan. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, wolé-wolé fọwọ́ sí ìwé, ó sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún mi. Bàbá gba tirẹ̀, ó ní ti àkójọ ẹbí ni.

Mo mú ìwé náà wọlé tọ Ìyé lọ. Láti àárọ̀, kò kúrò lójú kan náà. Mo kà á fún un, láti orí òkè títí dé ibi ìfọwọ́sí. Ó gbọ́ ọ tán, ó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára irin bẹ́ẹ̀dì, ìka kan tẹ̀ lé ìka kejì, ó sì ń fi ọwọ́ kejì ra wọ́n.

"Lọ bu oúnjẹ fún dẹ́rẹ́bà," ó ní. "Ọ̀nà Èkó jìn, òun nìkan ló sì ń padà."